Èéfín Orí Kọfí

Èmi ni mo ń ṣe èéfín.
Ẹ má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ gidi ni.
Ní Tampere, lọ́dún tí yìnyín kọ̀ tí kò yọ́ títí oṣù karùn-ún fi wọlé,
mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn tábìlì, mo di òwú tí mo rẹ sómi gbígbóná mú,
ó ń jó mi lọ́wọ́,
kí kọfí tó ti tutù láti àárọ̀
lè dà bí èyí tí ìyá ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ lórí iná.

Orvokki dúró lẹ́yìn kámẹ́rà, ojú rẹ̀ kò kúrò lára agogo.
Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá péré ni wọ́n fún un.
Láàárín rẹ̀, ọkọ ti ti inú igbó dé,
ọmọ ti rẹ́rìn-ín, ajá ti ju ìrù,
orúkọ kọfí ti jáde, ó ti di owó.
"Taisto," ó ní, "èéfín yẹn ga jù, ó dà bí ilé tó ń jó."
Mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ohun tí a pè ní wàrà, gọ́ọ̀mù ni.
Áísìkirimù, ọ̀dùnkún gígún ni.
Àdìyẹ sísun tó ń dán yẹn, tútù ló wà nínú,
pọ́líìṣì bàtà ni mo fi pa á lára.
Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà, ó kùtà;
àwa kò tilẹ̀ gbé e dé ọjà,
a fi í sílé, ká má baà san owó ọkọ̀ rẹ̀ lásán.

Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá ó ní òun fẹ́ ṣe fíìmù,
wákàtí méjì gbáko.
Ó ta ilé onípákó tó ní létí adágún.
Fíìmù náà rẹwà débi pé ó ń dun ojú.
Opó kan ń sunkún, omijé rẹ̀ ń dán bí ọtí inú ìgò,
aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀ kò rún rárá.
Ìwé ìròyìn kan ní Helsinki kọ ọ́ pé:
"A jókòó títí, a ń retí iye tí wọ́n ń ta omijé náà."

Ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì.
Ó pa dà sídìí ọṣẹ ìfọṣọ.
Èkejì? Ẹ jẹ́ ká fi èkejì sílẹ̀.

Bàbá rẹ̀, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ti igi gẹdú lórí omi,
kò wo fíìmù rẹ̀ kankan parí.
Ṣùgbọ́n bí ìpolówó sọ́séèjì bá dé lórí tẹlifíṣọ̀n,
á na ọ̀pá rẹ̀: "Ẹ dákẹ́! Iṣẹ́ ọmọ mi nìyẹn."
Nígbà tó kú, kọfí rẹ̀ wà lójú fèrèsé,
ìdajì ife, awọ tínrín ti bo ojú rẹ̀.
Odidi ọjọ́ mẹ́ta, Orvokki kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á nù.
Ó kàn ń wò ó,
bí ẹni tó ń ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá tí kò mọ ìgbà tó pé.

Ibẹ̀ ni ẹ̀kẹta ti wá.
Ọkùnrin kan jókòó síwájú ife ìyàwó rẹ̀ tó ti kú.
Mo ti kúnlẹ̀, òwú mi ti gbóná,
orúnkún mi ń dún, àgbà ti dé.
"Dìde, Taisto. Ó ti tutù."
"Ṣé kí n fi díẹ̀ sí i, kí ojú àwọn èèyàn lè..."
"Ó ti tutù."
Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni kámẹ́rà fi dúró síbẹ̀.
Eṣinṣin kan bà sétí ife. A kò lé e, a kò sì sanwó fún un.

Wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ. Ilẹ̀kùn ìdáná ló fi ń há.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nílé ìwòsàn, níbi tí a ti ń dúró de dókítà,
ìyá arúgbó kan di ọwọ́ rẹ̀ mú:
"Ìwọ lo ṣe ìpolówó kọfí yẹn!
Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, èmi àti ọkọ mi á dá ìjà dúró."
"Ṣé kọfí náà dùn?"
"Kò dùn rárá. Ṣùgbọ́n èéfín yẹn!"

Mo wo bàtà mi.
Orvokki fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Nígbà tí a jáde, òtútù mú,
èéfín ń ti ẹnu àwa méjèèjì jáde,
ẹnikẹ́ni kò kúnlẹ̀ lẹ́yìn wa.