Fà Á Le

Ọgbọ̀n ọdún ni Ìyá Moyọ̀sọ́rẹ fi dirun ní Kútọ̀.
"Fà á le," la máa ń wí;
ó ń fà á le.
Tirẹ̀ náà, ó ní kí ọmọṣẹ́ fà á le,
títí irun iwájú fi sá sẹ́yìn
bí odò Ògùn nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Ó fi àlùbọ́sà pa á, ó fi àdín,
ó ra oògùn olómi ní Ìbarà, ó ń kán an láàárọ̀ lálẹ́.
Gèlè nìkan ló mọ àṣírí.

Dókítà Ṣóyọ̀mbọ̀, ní Ìdí-Àbà, kò rẹ́rìn-ín.
"Irun ìpàkọ́ kì í ṣojo," ló wí.
"A ó hú u ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan,
ká lọ́ ọ síwájú bí a ti ń lọ́ ata."
Abẹ́rẹ́ mú awọ orí kú, kò mú ahọ́n:
wákàtí mẹ́fà, ẹgbẹ̀rún ihò,
ìyá ń ka àwọn oníbàárà tó jẹ ẹ́ lówó.
Wọ́n ní orúkọ mi wà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, gbogbo rẹ̀ já sórí ìrọ̀rí.
Ó sunkún.
Dókítà ní, "Ewé ló rẹ̀. Gbòǹgbò ń bẹ."

Oṣù kẹfà ni mo lọ dirun.
Iwájú orí ìyá ń hù
bí irùngbọ̀n ọmọdékùnrin.
Mo jókòó, mo ní, "Fà á le."
Ó fi òòyà gbá mi léjìká.