Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Mo Wá

Wọ́n ní Ọjọ́ Àìkú ni àlejò ń wá.
Ọjọ́ Àìkú, wọ́n á ti nu ilẹ̀, wọ́n á ti wọ̀ wọ́n láṣọ,
ìrẹsì á wà lórí iná, òórùn ata á bo òórùn ìtọ̀.
Èmi kì í ṣe àlejò.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo wọkọ̀ ní Gánmọ̀,
mo gba Ìdófìán kọjá, mo sọ̀ ní Ajàṣẹ́-Ìpo,
aago méje kò tíì lù.

Ìgè ni àbúrò mi.
Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ fi wá sáyé, orí pẹ́ lẹ́yìn,
ó sì pẹ́ kó tó ké.
Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì báyìí.
Kò mọ owó kà, ṣùgbọ́n ó mọ ìró ẹsẹ̀ mi
láàárín ẹsẹ̀ mẹ́wàá lójú ọ̀nà.
Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ju ogún lọ.
Ọ̀kan nínú wọn ni "tútù".

Ní ilé tó kọ́kọ́ gbé, ní Ìlọrin, lẹ́yìn odò Asà,
"Tútù," ló ń wí ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ.
Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ra súwẹ́tà.
Méjì ni mo rà, ọ̀kan pupa, ọ̀kan aláwọ̀ ewé,
nínú oṣù Ẹrẹ́nà, tí ooru ń bó èèyàn láwọ.
Ó wọ̀ ọ́, ó ń làágùn, ó tún ń wí pé, "Tútù."
Ìwé wọn mọ́ tónítóní. Ojú ewé kan dé èkejì:
Àlàáfíà ni. Ó jẹun, ó sùn. Àlàáfíà ni. Àlàáfíà ni.
Ọjọ́ tí mo ká apá súwẹ́tà náà sókè
ni mo rí àpá okùn lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.
Irin fèrèsé ni wọ́n ń so ó mọ́ lóru
kí ẹni tó ń ṣọ́ wọn lè rí oorun sùn.
Irin fèrèsé ló tutù.

Nítorí náà, ẹ má bínú, ẹ̀yin ará ilé yìí,
bí mo bá ń ṣí ìdérí ìkòkò,
bí mo bá fi ìgbọ̀nwọ́ wo omi ìwẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì,
bí mo bá yọjú sẹ́yìn ilẹ̀kùn bóyá pàṣán wà níbẹ̀.
Bí iná bá ṣẹ́ lóru, ta ló mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà?
Ẹ pè é kí n rí i.

Dúrótoyè ni wọ́n pè, ẹni òru.
Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ti wọ bàtà tán, ilé ló ń lọ.
Kò bá mi jiyàn. Ó tọ́ka sí ìṣó kan lára ògiri,
ibi tí ọwọ́ Ìgè pàápàá lè tó.
Ó gbé ìwé fún mi, epo pupa ti ta sí i lẹ́yìn.

Mo kà á.
Òru Ajé: òjò. Ìgè bẹ̀rù àrá. Mo tan àtùpà, mo jókòó tì í títí ó fi sùn.
Láwàní ṣubú ní balùwẹ̀, orúnkún bó. Èmi ni mi ò tètè nu ilẹ̀.
Mo gbàgbé kọ́bọ́ọ̀dù oògùn ní ṣíṣí, bí ogún ìṣẹ́jú. Mo kà wọ́n. Wọ́n pé.

"Èmi ni." Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.
Kí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àléébù ara rẹ̀ sílẹ̀
níbi tí ojú ọ̀gá yóò ti tó o!
Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn tó.
Balùwẹ̀ yẹn ṣì ń yọ̀. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní owó kò tíì sí.
Mo ní kí wọ́n tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀ kí owó tó dé.

Ìgè jáde, agolo lọ́wọ́, ó ń lọ bomi rin ilá.
Mo fà á mọ́ra, mo dọ́gbọ́n ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè.
Àpá àtijọ́ nìkan.
"Tútù ńkọ́?"
Ó wò mí bí ẹni ń wo òmùgọ̀.
"Ilá," ló wí, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí kúrò lójú ọ̀nà.

Wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni n óò tún wá.
Mo ní mò ń bọ̀.
Mi ò dá ọjọ́.