Ẹni Mélòó Lò Ń Kí?

Ọdún kejì tí mo ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ n'Ìbàdàn
mo wọkọ̀ wálé, mo sọ̀ n'Ísánlú ní ìrọ̀lẹ́,
eruku ọyẹ́ ti rẹ́ ojú mi bí ògiri.
Ìyá àgbà ń fọ́ kóró kajú lẹ́nu ọ̀nà.
Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ:
"Ẹ kú ilé, mà. Ṣé dáadáa lẹ wà?"
Ó bojú wẹ̀yìn.
Ògiri nìkan ló wà níbẹ̀, àti adìẹ kan tó sàba.
"Ẹni mélòó lò ń kí?"

Ní Yàgbà tiwa, "ìwọ" kì í ṣe àfojúdi.
Ìwọ ni bàbá, ìwọ ni ọmọ ọwọ́,
ìwọ náà ni Ọlọ́run nígbà tí òjò bá pẹ́.
Ìbàdàn ló kọ́ mi ní "ẹ",
ẹ̀yìn mi sì kọ́ bí a ti í tẹ̀.
Mo di ẹni tí í tọrọ àyè
lẹ́nu ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀.

Bí mo bá sì kí wọn ní "okun" lọ́hùn-ún,
wọn a ní okùn wo? Òkun ibo?
Mo ní okun ni, èyí tó wà nínú egungun.
A kì í bi ara wa bóyá a jí,
à ń bi ara wa bóyá a ṣì lè gbé e.

Nígbà tó yá mo ń ta kajú fún àwọn onítírélà.
Hausa la fi ń ná an.
N kì í bẹ̀bẹ̀ ní Hausa.
Bàtà mi gan-an a máa dún.

Ometere aya mi, ọmọ Òkene,
Ebira ló fi ń bínú, Yorùbá ló fi ń ṣìpẹ̀.
Ó tó ọdún mẹ́wàá kí ìbínú rẹ̀ tó yé mi,
ọjọ́ náà ni mo mọ̀
pé ìdajì obìnrin ni mo ti ń bá gbélé.

Lánàá, Ozohu wa pè láti Àbújá.
Òyìnbó ni látòkèdélẹ̀.
"Yù," ló ń pè mí. Yù báyìí, yù bẹ́ẹ̀ yẹn.
Inú mi ru. Mo ti la ẹnu tán láti bá a wí,
ni mo ṣàdédé bojú wẹ̀yìn:
ògiri. Kò sádìẹ mọ́.

Mo ní, "Okun, Ozohu."
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Dádì, okùn wo?"