Ẹ̀dà Mẹ́tàdínlógún

Tíṣà Ìbídàpọ̀ gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi n'Ìkọ̀lé,
ó fi tówẹ̀lì wé e bí ọmọ tuntun tí wọ́n gbé jáde nínú ọyẹ́.
"Ó ti kún," ó ní. "Mo ní kó pa díẹ̀ rẹ́, ó lóun ò pa."

Mo ṣí i. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń tu èéfín sójú fèrèsé.
Fáìlì kan ṣoṣo ló tò lọ bí ebè:
Ọ̀rọ̀ Ìyá Mi.
Ọ̀rọ̀ Ìyá Mi, ẹ̀dà.
Ọ̀rọ̀ Ìyá Mi, ẹ̀dà ti ẹ̀dà.
Ọ̀rọ̀ Ìyá Mi, èyí tó kẹ́yìn.
Ọ̀rọ̀ Ìyá Mi, èyí tó kẹ́yìn gan-an.
Mo kà á dé mẹ́tàdínlógún, mo wo ojú Tíṣà.
Ó ní, "Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí mo bá ti kà á tán,
mo tún máa ń tọ́jú òmíràn."

Mo tẹ ìparẹ́. Ẹ̀rọ fèsì pé
ẹnìkan ṣì di fáìlì yìí mú níbòmíràn.
Ta ni? Kò sọ.
Tíṣà bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé onítọ̀hún dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́: mo ti ṣèṣe rí.
Lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo rí ẹ̀dà méjì
nínú ikùn ẹ̀rọ oníbàárà kan, orúkọ wọn kò nítumọ̀ sí mi,
mo fi tipátipá yọ ọ̀kan. Ẹ̀rọ náà kú, kò jí mọ́.
Òpó ilé ni mo gé, mo pè é ní igi ìdáná.
Oṣù mẹ́ta ni mo fi san gbèsè rẹ̀.

Látìgbà náà, n kì í yára.
Mo ki fíláàṣì bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, mo kọ́kọ́ da gbogbo wọn síbẹ̀:
ẹni tó fẹ́ tú abà, kó mọ ibi tí yóò to iṣu sí.
Mo pa gbogbo ohun tó ṣí dé, mo pa ẹ̀rọ fúnra rẹ̀,
a jókòó, a jẹ ẹ̀pà,
mo tún un tàn.

Mẹ́rìnlá jẹ́ ẹ̀dà ọ̀kan náà, lẹ́tà sí lẹ́tà.
N kò dà wọ́n nù; mo kó wọn sí àpò kan, mo ní, ẹ dúró níbẹ̀ ná.
Ó ku méjì tí ìwọ̀n wọn dọ́gba, àti ọ̀kan tó kọ̀ jálẹ̀.
"Tíṣà, ẹ jẹ́ n yọ ọ̀kan nínú méjì yìí."
"Kà wọ́n sí mi létí."

Mo ka àkọ́kọ́: Ọjọ́ tí mo dé ilé ọkọ mi, òjò ń rọ̀.
Mo ka ìkejì: Ọjọ́ tí mo dé ulé ọkọ mi, òjò ń rọ̀.
Ó gbọ́wọ́ sókè.
"Ọláṣebìkan ọmọ mi ló tún ti àkọ́kọ́ ṣe,
ó ní Yorùbá inú ìwé ló yẹ kó jẹ́.
Ìyá mi ò pè é ní ilé rí, títí a fi sin ín."

Lẹ́tà kan jáde, lẹ́tà kan wọlé, ìwọ̀n kò yẹ̀.
Ẹ̀rọ mọ ìwọ̀n, kò mọ ohùn.
Ẹ̀dà, ẹ̀dá: ṣebí àmì kékeré kan ló là wọ́n láàárín.

Ọ̀kan tó kù yẹn, mo bẹ̀ ẹ́, mo tún bẹ̀ ẹ́, kò lọ.
Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó wà, Tíṣà. Kò wúwo."
Ó rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ ni òun náà rí."

Ó san ẹgbẹ̀rún kan, kò dúró gba ṣéńjì.
Ó fi tówẹ̀lì wé ẹ̀rọ rẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà,
ó rọra sọdá títì, ó ń lọ sí ulé.