Iná Tútù

Wọ́n múná lọ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì.
Gbogbo Ẹlẹ́yẹlé dúdú bí ìdí ìkòkò.
Jẹnẹrétọ̀ Kásálì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dákẹ́.
Mo na ọwọ́ wá tọ́ọ̀ṣì, n kò rí tọ́ọ̀ṣì,
ọwọ́ mi ni mo rí.

Inú táǹkì kẹrin ni ìmọ́lẹ̀ náà ti ń wá.
Kì í ṣe ti àtùpà, kì í ṣe ti mànàmáná;
ó rọra ń mí bí ọmọ tó sùn,
àwọ̀ rẹ̀ bí aró tí wọ́n bu omi là.
Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́: kò gbóná.
Mo rú u: ó tàn sí i.
Àwọn ọmọ edé tí wọn ò ju èékánná lọ,
olúkúlùkù gbé fìtílà tirẹ̀ sínú ikùn.

Mo sáré lọ jí Kásálì,
Kásálì tó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní Mọ́níyà
tó fi owó rẹ̀ ra iyọ̀,
àpò lórí àpò,
kó lè sọ omi kànga di òkun,
títí àdúgbò fi ń pè é ní Olókun Orí Òkè.
Ó dúró ti táǹkì náà láìwọ bàtà.
Ó ní, "Sàúbánà, wò ó!
Ọlọ́run tanná fún wa, kò sì ní mú bíìlì wá."
A jọ rẹ́rìn-ín.
Mo ṣì rántí bí ẹ̀rín yẹn ṣe gùn tó.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, edé ò sáré sóúnjẹ mọ́.
Wọ́n ń fẹ̀gbẹ́ kan lúwẹ̀ẹ́ bí ẹni tó mu ẹmu yó.
Nígbà tó fi di ọ̀sán, wọ́n ti funfun,
wọ́n sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ táǹkì bí ìrẹsì tó sè jù.
Asẹ́ ni mo fi kó wọn.
Garawa méje.

Dókítà Fọláwẹ̀wọ́ wá láti Yunifásítì.
Kò bá wa dárò. Ó bu omi sígò,
ó mú edé kan tó ṣì ń jà.
Lọ́jọ́ kẹta ó ní ká wá.
Ó ti fèrèsé, ó pa iná,
ó ní ká dúró jẹ́ẹ́ kí òkùnkùn mọ́ wa lójú.
Nínú àwo pẹlẹbẹ, lórí ohun kan tó dì bí ẹ̀kọ tútù,
wọ́n wà níbẹ̀, tó-tò-tó, wọ́n ń tàn.

"Kòkòrò inú òkun ni," ló wí.
"Ọ̀kan ṣoṣo wọn kì í tàn.
Wọ́n á máa pọ̀ sí i,
wọ́n á máa ránṣẹ́ síra wọn nínú omi,
títí wọn ó fi mọ̀ pé àwọn tó nǹkan.
Ìgbà náà ni wọ́n ń tanná.
Ìgbà náà náà ni wọ́n ń tú oró."
Mo ti rí èrò tó kóra jọ lójú títì rí.
Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi ju bó ṣe rò lọ.

Kásálì béèrè ibi tí wọ́n gbà wọlé.
Dókítà ní bóyá ara ìyá edé ni wọ́n ti bá wọn wá,
bóyá inú oúnjẹ. Kò dá a lójú.
Ó wá wò ó pẹ̀lú àánú fúngbà àkọ́kọ́:
"Ẹ̀yin lẹ ṣe òkun, bàbá.
Òkun tí wọn ò sí nínú rẹ̀,
ẹnikẹ́ni ò tíì rí i ṣe."

A fi òróró apakòkòrò fọ táǹkì,
a sá a sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ méjì.
Ẹja àrọ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí;
àrọ̀ ò bèèrè iyọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan.
Bí wọ́n bá tún múná lọ,
mo máa ń lọ dúró ti táǹkì kẹrin.
Òkùnkùn biribiri. Mo dúpẹ́.
Síbẹ̀, kí n tó lọ sùn,
mo máa ń ki ọwọ́ bọ omi náà,
mo máa ń rú u lẹ́ẹ̀kan.