Egbò Tí A Kò Fẹ́ Kó Dí

Mo ti pé ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta
kí abẹ́rẹ́ tó mọ ọ̀nà etí mi.
Shauna, ọmọbìnrin tó fín ẹyẹ sí gbogbo ọrùn,
fi kálàmù sàmì sí i, ó ní, "Mí sínú."
Mo mí sínú. Kí n tó mí síta tán, ó ti parí.
Ó wá fún mi ní ìwé pélébé kan:
òfin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Òfin! Inú òfin kúkú ni wọ́n bí mi sí.
Nílé wa ní Ìkìrun, ìjọ wa ka yẹtí sí ẹrù Sátánì,
ìyá mi kò jẹ́ kí wọ́n dá etí mi lu,
àwọn àlejò a sì máa bi í pé,
"Ọkùnrin yín yìí, ọmọ ọdún mélòó ni?"

Omi iyọ̀ láàárọ̀, omi iyọ̀ lálẹ́,
iyọ̀ tí kò kún ìdajì ṣíbí tíì nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Mi ò fi òwú kàn án, òwú a máa fi irun sílẹ̀.
Mo ń sùn ní ìdojúsókè bí òkú tí wọ́n tẹ́,
èmi tí mo ti ń fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn láti ìgbà tí Adégbìtẹ́ ti lọ,
kí n má baà rí ààyè rẹ̀ lórí ibùsùn.

Afẹ́fẹ́ òkun Sunderland tutù bí irin,
àwọn ìṣó kékeré méjì yìí sì mọ òtútù jù mí lọ.
Síkáàfù onírun fà á lẹ́ẹ̀kan ní ibùdókọ̀.
Mo ké pe Jésù.
Ọkùnrin kan wẹ̀yìn wò bóyá ó ń bọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Àǹtí Abímbádé tẹ̀ mí láago:
"Máa yí i o, bí o kò bá yí i, yóò lẹ̀ mọ́ ara.
Sípírítì ńkọ́?"
Mo yí i. Mo ta sípírítì sí i.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, etí òsì ti wú bí àkàrà inú epo,
ó ń lù kì, kì, kì,
àfi bí ẹni pé ọkàn mi ti kó lọ síbẹ̀.

Shauna wò ó. Kò bú mi.
"Ta ló ní kí o yí i?" Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.
"Má yọ ọ́. Bí o bá yọ ọ́, awọ á pàdé,
á pa ìdọ̀tí mọ́ inú. Jẹ́ kó ní ibi tó máa gbà jáde.
Bí ara rẹ bá sì gbóná, dókítà ni o."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ síbi iṣẹ́.
Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń wẹ egbò àwọn àgbà níbẹ̀,
kí ó dí ni àdúrà mi:
ẹsẹ̀ Màmá Winifred, ìdí Bàbá Norman.
Èyí nìkan ni mo ń tọ́jú kó má dí,
kó jinná ní ṣíṣí,
bí ojú fèrèsé tí wọ́n ti rẹ́ ẹnu rẹ̀ yíká.
Wọ́n ní ojú àpá kì í jọ ojú ara.
Ta ló ní kó jọ ọ́?

Lọ́jọ́ Àìkú, ìyá mi pè, ojú rẹ̀ kún fóònù.
Síkáàfù mi yọ̀.
"Kí ló ń dán nì?"
"Mo dá a lu ni, Mà."
Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ àkùkọ ilé ẹ̀yìn.
"Ṣé ó ń dùn ọ́?"
"Díẹ̀."
"Tèmi, ìyá mi ló dá a lu nígbà tí mo wà ní jòjòló.
Ọjọ́ tí mo ṣe ìrìbọmi ni mo yọ yẹtí.
Nígbà tó ń dí, kò dùn mí rárá.
Ìyẹn gan-an ló dùn mí."

Ó sún mọ́ fóònù títí tó fi ku ojú kan ṣoṣo.
"Má fọwọ́ kàn án o. Omi iyọ̀ ni."

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.