Ìgbẹ́ inú Igbẹ́

Kí oòrùn tó yọ lórí òkè Emùré,
Adétóún ọmọ Fápohùndà ti wọ bàtà òjò,
ó so ìgò kéékèèké mọ́dìí bí ẹni ń re ìgbẹ́ ọdẹ.
Èmi ni mo ṣáájú. Àdá lọ́wọ́ ọ̀tún, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ òsì.
Àwọn ọlọ́kadà ń rẹ́rìn-ín níkorítà:
"Ọmọ tó kàwé títí tó fi ń wo dígí,
imí ọ̀bọ ló wá ń ṣà!"
Kò bínú. Ó ní ìgbẹ́ àti igbẹ́,
àmì ohùn kan péré ló yà wọ́n.

Mo ti mọ imí kí wọ́n tó bí i.
Wóró-wóró dúdú, ẹtu ni;
èyí tó lẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀bà àná, túùkú;
èyí tí kóró àgbálùmọ̀ kún inú rẹ̀,
ìnàkí ni, kò sì jìnnà.
Láyé ìgbà tí ìbọn mi ṣì ń sọ̀rọ̀
ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo fi ń kàn án:
bó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo ti rí ọbẹ̀.

Adétóún kì í wá ọbẹ̀.
Ó ní bí àyà ẹranko bá já,
oje kan á sun lórí kíndìnrín,
á bá ẹ̀jẹ̀ rìn, á ya ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀,
á bọ́ sínú ìtọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú,
á bọ́ sínú imí lọ́jọ́ kejì.
Hòmóònù ni wọ́n ń pè é níléèwé.
Ẹ̀rù tó di ẹ̀rí ni mo pè é.

"Ẹ̀yin ò ṣe kúkú mú un, kí ẹ fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?"
"Bàbá, bí a bá dì í mú,
ẹ̀rù tiwa la máa wọ̀n."

Nítorí náà la ṣe ń tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ ìtẹ́ wọn ní ìdájí,
ìtọ̀ á máa kán láti orí ewé: tó, tó, tó.
Ó ti kán sí mi lórí rí. Ìyẹn ò sí nínú ìwé.
Imí, igi tín-ín-rín la fi ń yọ àárín rẹ̀,
ìtọ̀ ò gbọdọ̀ kàn án, òjò ò gbọdọ̀ pa á,
a ó rì í sínú ọtí líle tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tọ́ wò,
a ó kọ ọjọ́, wákàtí, orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀.

Orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀.

Lóṣù kẹjọ, èsì dé láti Adó.
Ọ̀sẹ̀ tí ayùn ẹlẹ́ńjìnnì wọ igbó, iye náà fò sókè.
A ti retí ìyẹn. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí èso wọ́n, ó ga díẹ̀.
Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan wà, etí rẹ̀ òsì ya,
tiẹ̀ a máa ga nígbà tí igbó pa rọ́rọ́.
Adétóún ò sọ nǹkan kan. Ó pa ìwé dé.
Èmi ni mo ṣí i nígbà tó lọ bomi.
Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ó tó.
Mo ka ọjọ́ kan sẹ́yìn, bó ṣe kọ́ mi,
orúkọ mi ló wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn, lẹ́bàá Ògbẹ̀sẹ̀,
mo yìnbọn sókè. Ọmọ rẹ̀ ló já bọ́,
ọta kan gba etí ìyá.
Mo ta ọmọ náà fún awakọ̀ kan tó ń lọ sí Àkúrẹ́.
Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Etí igbó ni mò ń dúró báyìí,
mò ń ṣọ́ ọ̀kadà, mò ń ká ọ̀rá tó ti gbẹ.
Ọmọ Olóṣundé ló ń ṣáájú.
Adétóún ní iye ìyá àgbà ti ń rọlẹ̀.
Kò wò mí lójú bó ṣe ń sọ ọ́.

Ní ìdájí àná, mo tọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé.
Ó hó díẹ̀, ilẹ̀ mu ún.
Mo dúró tì í títí adìyẹ fi jí.
Bí ẹnì kan bá tẹ́ ọ̀rá síbẹ̀ ńkọ́?